Lẹ́yìn ìgò mẹ́jọ: apọntí port wo ló kàn báyìí?

Ìgò port mẹ́jọ ni èmi àti ìyàwó mi ti mu tán láàárín oṣù mẹ́rìnlá nínú pálọ̀ wa ní Manchester. A kì í ṣe ọ̀mùtí o. Ife kékeré ni wọ́n fi ń mu ún, ìgò kan sì lè bá wa lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti yan ìgò kẹsàn-án báyìí, mo sì ti san owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀, kí owó tiyín má baà gba ọ̀nà tí tèmi gbà.

Ẹni tó bá ti mu ẹmu rí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tí port jẹ́. Ẹmu tí wọ́n gbé sọ̀ láti orí ọ̀pẹ láàárọ̀ dùn. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan, ó ti le, torí pé ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà inú rẹ̀, ó ti sọ ọ́ di ọtí. Ká ní ẹnìkan wá da ògógóró sí ẹmu yẹn ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ńkọ́? Ìwúkàrà á kú, adùn á dúró, ọtí náà á sì lágbára. Ohun tí wọ́n ń fi omi èso àjàrà ṣe ní àfonífojì odò Douro, ní àríwá Pọ́túgàlì, nìyẹn. Ògógóró àjàrà tiwọn le tó ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí àjàrà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ho ni wọ́n á dà á sí i, ohun tó bá sì jáde níbẹ̀ á wà láàárín 19 sí 22.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, orúkọ ni mo ń rà. Mo ra Six Grapes ti Graham's, mo ra Dow's, mo ra Warre's. Lẹ́yìn náà mo ní kí n yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, mo bá ra Taylor's àti Fonseca. Ìgò márùn-ún ti tán kí n tó mọ̀ pé ìdílé Symington kan náà ló ni Graham's, Dow's, Warre's àti Cockburn's, àti pé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Taylor's, Fonseca àti Croft wà. Mo rò pé mo ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, àṣé yàrá lásán ni mo ń pààrọ̀.

Àmọ́ ọmọ ìyá kan náà kì í jọra tán. Graham's dùn, ó ki, ó ń rán mi létí oyin. Tìyàwó mi nìyẹn, kò sì fẹ́ gbọ́ ti òmíràn. Dow's ní tirẹ̀ kì í dùn tó bẹ́ẹ̀, torí pé wọ́n máa ń jẹ́ kí àjàrà ho pẹ́ díẹ̀ sí i kí wọ́n tó da ògógóró lé e. Tí ẹ bá jẹ́ ẹni tí adùn tètè máa ń sú, ẹ gba ọ̀dọ̀ Dow's lọ. Warre's tí mo rà jẹ́ LBV, ìyẹn ọtí ọdún kan ṣoṣo tó lo ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà nínú àgbá kí wọ́n tó rọ ọ́ sí ìgò. Wọn kò sẹ́ tirẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ìgò. Èmi tí mo gbọn ìgò bí ẹni gbọn oògùn ikọ́ ni mo jẹ̀bi: ife tó kẹ́yìn dà bí ìgbà tí èèyàn ń mu iyẹ̀pẹ̀. Ẹ nà á ró láti àárọ̀, kí ẹ rọra dà á. Taylor's tí mo rà, LBV lòun náà, sísẹ́ ni wọ́n sẹ́ ẹ, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀, mo sì rí i pé adùn tirẹ̀ tètè máa ń kúrò lẹ́nu.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni ti ìgò kẹfà. Ọjọ́ ìbí mi ni, mo mọ́kàn le, mo fi pọ́ùn 75 ra vintage (port ìkórè ọdún kan ṣoṣo) ọdún 2016. Ọdún tí ọ̀pọ̀ apọntí kéde pé ó dára ni, ẹ̀bi kankan kò sí lọ́rùn ẹni tó pọn ọn. Vintage kì í lò ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ nínú àgbá. Inú ìgò ló ti ń dàgbà, ogún ọdún kò sì pọ̀ jù fún un. Èmi ṣí i lọ́jọ́ tí mo rà á. Ẹ rántí bí èso kajú ṣe máa ń gba ahọ́n, tí inú ẹnu á gbẹ táútáú? Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ohun tí à ń fẹ̀sọ̀ mú ni, agbára ni mo fi mú un, ó sì le koko mọ́ mi lẹ́nu. Àwọn kan wà tó fẹ́ràn rẹ̀ ní èwe, n kò bá wọn jà. Kò tún ṣeé tọ́jú, torí pé tí ẹ bá ti ṣí i, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni, ó ti ń bàjẹ́. Ilé oúnjẹ kan níbí bu vintage fún mi láti inú ìgò tó ti wà ní ṣíṣí láti ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò lè rántí, wọ́n sì gba owó ife mẹ́ta lórí ẹyọ kan.

Ní oṣù kẹwàá a lọ sí Porto fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí afárá Dom Luís I, èyí tí wọ́n ṣí ní 1886. Ẹ gba orí òkè tí ojú yín bá gbà á (ìyàwó mi di apá mi mú títí a fi kọjá), ẹ ó sì rí òrùlé àwọn ilé ìpamọ́ ọtí ní Vila Nova de Gaia lódìkejì, tí wọ́n kọ orúkọ gàdàgbà sí lórí. Ooru pọ̀ gan-an lókè odò níbi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà. Gaia sún mọ́ òkun, ó tutù, ó ní ọ̀rinrin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ọtí wá síbẹ̀ láti dàgbà. Ilé àkọ́kọ́ tí a wọ̀, n kò ní dárúkọ wọn, lé wa yí ká bí àgùntàn fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n fún wa ní ife méjì, wọ́n sì tì wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Ti Ferreira san wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ará Pọ́túgàlì fúnra wọn ló dá a sílẹ̀, obìnrin ló sì sọ ọ́ di ńlá: Dona Antónia, tí wọ́n bí ní 1811, tó di opó ní kékeré, tó ń ra oko lé oko títí ó fi kú ní 1896. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ní 1861 ọkọ̀ ojú omi tó wà nínú rẹ̀ dojú dé níbi tí omi Douro ti le, ní Valeira. Yẹ̀rì rẹ̀ tó fẹ̀ ló gbé e léfòó. Baron Forrester, gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀, wọmi lọ ní tirẹ̀, wọ́n ní ìgbànú owó tó dì mọ́dìí ló fà á sísàlẹ̀. A ra tawny (port tó dàgbà nínú àgbá igi) ọlọ́dún ogún wọn, Duque de Bragança, òun ni ìgò keje. Ọdún ogún ara ìgò kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀kán inú rẹ̀ ti pé ogún ọdún o. Ọtí oríṣiríṣi ọjọ́ orí ni wọ́n pò pọ̀ kó lè ní ìwà ọlọ́dún ogún.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ẹ̀ka méjì ni port pín sí: èyí tó ń dàgbà nínú ìgò, tó máa ń pọ́n bí osùn, àti èyí tó ń dàgbà nínú igi. Afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ ń gba ara àgbá wọlé, àwọ̀ ọtí á máa ṣí, títí á fi dà bí oyin. Adùn rẹ̀ á sì di ti ẹ̀pà sísun àti ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ. Ti inú igi yìí ni tèmi. Ìgò tawny tí a ti ṣí ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìbàjẹ́, ó sì ń bá dòdò mu dáadáa, pàápàá tí ẹ bá gbé ọtí náà sínú fíríìjì díẹ̀. (Mo mọ̀ pé wàràkàṣì olóòórùn ni àwọn gẹ̀ẹ́sì ń fi mu port. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ẹ́.)

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo mu ife Kopke kan, colheita tó ti lé ní ogún ọdún nínú àgbá. Ọwọ́ àwọn ará Jámánì ni Kopke ti bẹ̀rẹ̀ ní 1638, colheita ni wọ́n sì mọ̀ wọ́n sí jù. Tawny ìkórè ọdún kan ṣoṣo ni colheita, kò gbọdọ̀ lò dín ní ọdún méje nínú igi. N kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyàwó mi bi mí bóyá inú ń run mí. A gbé ìgò kékeré rẹ̀ bọ̀ wálé, ìkẹjọ nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra níbí. Nítorí pé ọdún wà lára ìgò colheita, ọmọ ìtajà kan ní Manchester sọ fún mi pé vintage ni, kí n lọ tọ́jú rẹ̀ sí abẹ́ àtẹ̀gùn fún ogún ọdún. Irọ́ ni. Wọ́n ti bá yín tọ́jú rẹ̀ tán. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò, ọdún tí wọ́n rọ ọ́ wà níbẹ̀. Bí kò bá tíì pẹ́ tí wọ́n rọ ọ́ ló dára sí, ẹ sì mu ún.

Ta ló wá kàn? Quinta do Noval wù mí, àmọ́ Nacional wọn, ti àjàrà tí wọn kò lọ́ mọ́ gbòǹgbò àjòjì, owó rẹ̀ ju owó ilé wa lóṣù lọ. Quinta do Infantado wà lára àwọn olóko tó ń rọ ọtí wọn sígò fúnra wọn. Ṣáájú 1986, òfin sọ pé Gaia ni port gbọ́dọ̀ gbà kó tó lè jáde nílùú. Mo gbọ́ pé tiwọn kì í dùn jù, torí náà mo fi í sí ipò kejì. Ẹni tó gba ipò kìíní ni Niepoort, ìdílé kan tó wá láti ilẹ̀ Holland, tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti 1842, tí wọ́n kò sì sí lábẹ́ àwọn ńlá méjì tí mo mẹ́nu bà lókè. Colheita wọn ni mo rà lánàá. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní ó máa dé. Ìyàwó mi ṣì ń kùn pé Graham's ló yẹ kí n rà, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa sílẹ̀.