MRI ọpọlọ Màámi: ẹ̀rọ dáa, ọmọ tó ń lò ó dáa, èsì ni kò tètè jáde

Torí píìnì kan ni mo ṣe ń kọ èyí.

Màámi jí láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, ṣíbí sì ń jábọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Ọjọ́ náà gan-an la ya CT, àwòrán inú orí tí wọ́n ń fi ìtànṣán X-ray yà. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Inú gbogbo wa dùn, àfi dókítà wọn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó bá dà sínú orí ni CT máa ń tètè rí, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré ló dí, ó lè má rí i rárá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. (CT kì í ṣe ẹ̀rọ yẹpẹrẹ o, láti ọdún 1971 ni wọ́n ti fi ń ya ọpọlọ aláìsàn ní London.) Ó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó sì kọ MRI fún wa, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ńlá ya àwòrán inú ara.

Ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ní Ìbàdàn la lọ ní Ọjọ́rú. Aago mẹ́jọ ni wọ́n dá fún wa, aago mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó pè wá. Mo ti fi tíráńsífà sanwó, ọmọbìnrin ìdí káńtà ní òun ò rí álááàtì. Mo na fóònù sí i. "Àǹtí, ẹ ṣáà jókòó ná." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sọ ọ́, kò gbójú sókè, ó ń jẹ gúgúrú.

Ìgbà tí ọmọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà jáde ni ara tù wá. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú Màámi. "Màmá, ṣé irin kankan ò sí lára yín? Eyín àtọwọ́dá ńkọ́?" Yẹtí jáde, òrùka jáde. Ṣé ó kù? Màámi mi orí. Ó tún bi wọ́n, wọ́n tún mi orí. Ló bá gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan káàkiri ara wọn. Ó dé ìbàdí: píì! Píìnì ni. Wọ́n fi de ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà mọ́ inú tòbí!

Ẹlòmíràn ì bá pariwo. Ọmọ yìí yíjú sí ògiri, ó ní kí nọ́ọ̀sì bá wọn tú u. "Màmá, mi ò rí owó kankan o." Màámi rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Mọ́ńdè. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ni wọ́n fi rín in.

Àfi bí iná ṣe lọ. Màámi tọ́ka sí píìnì: níwọ̀n ìgbà tí iná ò sí, ṣé kò lè padà? Ó ní, "Òòfà yìí kì í sùn, Màmá. Iná wà o, iná ò sí o, ó ń fa irin." Jẹnẹrétọ̀ gbé e, wọ́n wọlé. Ó fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n á tẹ̀ bí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Ọwọ́ òsì ló fi sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀tún ò lágbára.

Èsì wàyí! Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni wọ́n pè é. Ọjọ́bọ̀, kò sí. Jímọ́ọ̀, kò sí. Dókítà tó ń ka àwòrán ò sí n'Ìbàdàn, íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí i, íntánẹ́ẹ̀tì sì ti dákú. Ọjọ́ Mọ́ńdè kejì ni mo gba ìwé àti síídì. Mo délé, òfìfo ni síídì! Mo padà lọ, mo figbe ta. Ọmọ onígúgúrú yẹn ló gba síídì lọ́wọ́ mi, ó wọlé, ó gbé òmíràn jáde, ó dán an wò lórí kọ̀ǹpútà lójú mi. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ara Màmá ńkọ́?" Mi ò mọ èyí tí mo máa sọ mọ́.

Dókítà Màámi ṣí i fún wa: àmì funfun kan, kò ju hóró àgbàdo lọ, lápá òsì ọpọlọ tó ń darí ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé, omi inú rẹ̀ kì í rìn bó ṣe yẹ mọ́, ẹ̀rọ náà sì mọ̀ ọ́n. Ọpẹ́lọpẹ́ dókítà yìí tí kò dúró de ìwé wọn kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Bí wọ́n bá tún ní ká ya òmíràn, ibẹ̀ náà la ó lọ, àmọ́ Màámi máa fi tòbí sílé.