PENG tàbí fascia iliaca: èwo ló yẹ lẹ́yìn ìpààrọ̀ oríkèé ìbàdí?

Aláìsàn tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé ìbàdí fún gbọ́dọ̀ dìde rìn lọ́jọ́ náà tàbí ní ọjọ́ kejì. Abẹ́rẹ́ tó bá pa ìrora, tó sì sọ ẹsẹ̀ di igi, iṣẹ́ ààbọ̀ ló ṣe. Òṣùwọ̀n tá a fi wọn gbogbo abẹ́rẹ́ apàrora tá a fẹ́ sọ yìí nìyẹn.

Fascia iliaca, abẹ́rẹ́ tó ń pa nẹ́ẹ̀fù láti iwájú ìbàdí, ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Omi oògùn tó ń fẹ́ pọ̀, 30 sí 40 mL, nítorí abẹ́rẹ́ kì í sún mọ́ nẹ́ẹ̀fù kankan: oògùn ló ń rìn lábẹ́ awọ tó bo ẹran iliacus títí yóò fi bá nẹ́ẹ̀fù. Ó rọrùn láti kọ́, ó sì ń dé awọ ẹ̀gbẹ́ itan. Àléébù rẹ̀ ni pé nẹ́ẹ̀fù femoral tó ń pa kú ló ń mú ẹran iwájú itan ṣiṣẹ́. Aláìsàn á rò pé ara òun ti yá, á dìde lọ tọ̀, orúnkún á yẹ̀, ó ti ṣubú.

PENG (pericapsular nerve group), abẹ́rẹ́ tó ń pa àwọn nẹ́ẹ̀fù kéékèèké iwájú oríkèé ìbàdí, tí wọ́n gbé jáde ní 2018, ló wù wá jù, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ojú tó mọ ultrasound dáadáa. Ẹ lo orí ẹ̀rọ tó tẹ̀ kọrọdọ, kí ẹ ti abẹ́rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín títí yóò fi kan eegun lábẹ́ tẹ́ńdọ̀n psoas (okùn tó so ẹran psoas mọ́ eegun). Ẹ fa sírínjì sẹ́yìn wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wà, kí ẹ tó tú oògùn díẹ̀díẹ̀. Bí tẹ́ńdọ̀n bá ń gbéra sókè, ẹ ti débẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹran ló ń wú, ẹ fà á sẹ́yìn, ẹ tún un darí. 20 mL ti tó. Bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, tàbí tó gba òkè tẹ́ńdọ̀n, á dé ọ̀dọ̀ femoral, ẹsẹ̀ á rọ, a sì ti padà sí wàhálà fascia iliaca.

PENG kì í dé awọ, kì í sì dé ẹ̀yìn oríkèé. Bí oníṣẹ́ abẹ bá gba ẹ̀yìn wọlé, ìdí á ṣì máa ro aláìsàn, nítorí náà kí òun náà fi oògùn rin ojú ọgbẹ́ kó tó rán an. Ẹ bi í léèrè iye tó fẹ́ lò o, torí àpapọ̀ tiyín àti tirẹ̀ la ń kà! Ropivacaine, oògùn tó ń pa nẹ́ẹ̀fù, kì í ju 3 mg lọ fún kílò kan. Ẹni 50 kg, 150 mg ni gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀. 40 mL ti 0.25% ti gba 100 mg níbẹ̀. Kí lipid emulsion 20% (omi ọlọ́ràá tí wọ́n ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀) wà nítòsí: 1.5 mL fún kílò kan ni ẹ ó kọ́kọ́ fún un bí oògùn bá wọ ẹ̀jẹ̀ tí gìrì sì mú un.

Abẹ́rẹ́ lumbar plexus, ìdìpọ̀ nẹ́ẹ̀fù ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ńkọ́? Ó jinlẹ̀ jù. Bó bá ṣẹ̀jẹ̀ lára ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò síbi tí ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Morphine 0.1 mg nínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́ gidi, àmọ́ ara á máa yún aláìsàn, èébì á máa gbé e, ìtọ̀ lè má wá. Ẹ sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ mímí rẹ̀ títí wákàtí 24.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, yòówù kó jẹ́, òru ló sábà máa ń tán lára. Paracetamol, àti ibuprofen fún ẹni tí kídìnrín àti ikùn rẹ̀ bá gbà á, kí wọ́n ti wà lára aláìsàn kó tó sùn.