Ẹ Ṣọ́ra: Ọkùnrin Tó Ń Háyà Ilé Fúnni ní Paris Ti Gba Yúrò 1,095 Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń gbèrò àtilọ ṣe fàájì ọjọ́ mélòó kan ní Paris, ẹ ka ọ̀rọ̀ mi yìí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí a ti padà dé, mi ò tíì sùn dáadáa. Ọkọ mi ní kí n má gbé e síta, pé àwọn èèyàn á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ó sàn ju kí ìyá ẹlòmíì tún jókòó sórí báàgì nínú òjò.

Màmá mi pé ẹni àádọ́rin ọdún lọ́dún yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019 tí iná jó òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Notre-Dame ní Paris, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni Màmá wà nílé wa n'Íbàdàn, tí wọ́n ń ka rósárì. Kátólíìkì paraku ni wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé bí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn bá tún lè dúró, àwọn á fẹ́ fi ojú ara àwọn rí i. Wọ́n ṣí i padà ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Mo ní ó ti tó. Bí Màmá bá ti wá kí wa ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn, èmi àti ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, a ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní St Pancras, wákàtí méjì lé díẹ̀ péré, a ó sun oorun mẹ́ta ní Paris, a ó sì padà.

Mo ti gba yàrá hótẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Òun la fi gba físà Màmá l'Ékòó. Hótẹ́ẹ̀lì kékeré kan lẹ́bàá Gare du Nord, ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń já wa sí gan-an. Èmi ni mo fagi lé e. Ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi fagi lé e, torí mo fẹ́ kí Màmá jí láàárọ̀, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n rí ilé gogoro Eiffel. Àfọwọ́fà ni mo fà. Mo mọ̀. Ẹ má tún sọ ọ́ fún mi.

Inú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ọmọ Yorùbá òkè òkun ni mo ti rí ọkùnrin náà. Ó gbé fọ́tò ilé kan síbẹ̀, ní àdúgbò keje, lẹ́bàá Rue Saint-Dominique: àga aláwọ̀ ewé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Eiffel lẹ́yìn gíláàsì. Mo kọ̀wé sí i. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi pè mí. “Ẹ káàárọ̀ o, àǹtí mi. Ṣé dáadáa lẹ jí? Màmá ńkọ́?” Yorùbá Ìbàdàn gidi. Ó ní ọdún kejìlá òun rèé ní Paris. Ó bi mí bóyá orúnkún Màmá lè gun àtẹ̀gùn, torí ọ̀pọ̀ ilé Paris ti pẹ́, wọn kì í ní lífítì, ṣùgbọ́n ilé tòun ní. Ẹ gbọ́ o. Orúnkún ìyá mi ló fi mú mi. Ta ni yóò rò pé ẹni tó ń béèrè orúnkún ìyá rẹ ń wá ọ̀nà àtijí owó rẹ?

Ó ní bí mo bá gba orí ìkànnì àwọn tó ń háyà ilé sanwó, wọ́n á yọ tiwọn nínú rẹ̀, kí n kúkú fi ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì. Ẹ wo bó ṣe kà á fún mi: oorun mẹ́ta, yúrò 630. Owó ìdógò tí yóò dá padà lọ́jọ́ tí a bá ń lọ, yúrò 300. Tíkẹ́ẹ̀tì Notre-Dame fún èèyàn mẹ́ta, yúrò 75. Tíkẹ́ẹ̀tì Louvre, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá yẹn, fún èèyàn mẹ́ta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun aago mẹ́wàá, yúrò 90. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,095. Nọ́ńbà àkáǹtì tó fi ránṣẹ́, LT ló fi bẹ̀rẹ̀. Ti ilẹ̀ Faransé, FR ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀. LT, Lithuania ni. Mo rí i! Mo tiẹ̀ bi í. Ó ní báǹkì orí fóònù lòun ń lò, pé ibẹ̀ ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sí. Mo gbà. Èmi tó jẹ́ pé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni mo ń ṣe ní ọ́fíìsì, tó jẹ́ pé nọ́ńbà àkáǹtì ni mo ń yẹ̀ wò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Báǹkì mi gan-an bi mí lójú fóònù pé ṣé ó dá mi lójú. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú la dé. Òjò ń rọ̀. A dé ẹnu ilẹ̀kùn náà ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ilé Paris, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe pé ẹ ó kan ilẹ̀kùn. Pátákó kékeré onínọ́ńbà ló wà lára ògiri, ẹ ó tẹ kóòdù kó tó ṣí. Ó ti fún mi ní kóòdù. Mo tẹ̀ ẹ́, iná pupa. Mo tún un tẹ̀, iná pupa. Nọ́ńbà 7 ti pa rẹ́ lára bọ́tìnnì rẹ̀, mo wá ń rò pé bóyá ibẹ̀ ni mo ti ń ṣì í. Mo nu omi kúrò lójú rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn mi, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo tẹ̀ ẹ́. Mo pè é, kò lọ. Mo kọ̀wé sí i lórí WhatsApp, àmì kan ṣoṣo ló ń hàn, kò di méjì. Fọ́tò rẹ̀ ti pòórá.

Màmá ti jókòó sórí báàgì. Wọ́n fi gèlè bo fìlà inú wọn kí òjò má bàa rin ín. “Àjọkẹ́, ṣé kò sí nílé ni?” Mo ní, “Ó ń bọ̀, Màmá.” Mo parọ́ fún ìyá mi lójú pópó nítorí olè.

Ìyá àgbà kan tó mú ajá rẹ̀ jáde ló bá wa níbẹ̀. Ọmọ mi tó ń kọ́ èdè Faransé nílé ìwé ló ń túmọ̀. Ó ní kò sí ilé kankan tí wọ́n ń háyà nínú ilé àwọn, àti pé àwa la ṣe ìkẹta láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ìkẹta! Èèyàn méjì ti dúró síbi tí mo dúró sí yẹn, wọ́n ti tẹ bọ́tìnnì kan náà, wọ́n sì padà sílé, wọ́n dákẹ́. Bóyá inú ẹgbẹ́ kan náà la wà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń ka èyí, mi ò ní bú yín, ṣùgbọ́n ẹ ò ṣe dáadáa. Ìtìjú yín ló kó ìyá mi sínú òjò.

Hótẹ́ẹ̀lì tí a rí lálẹ́ ọjọ́ náà gba yúrò 189 fún yàrá kan tí àwa mẹ́ta há sí. Arábìnrin tó wà lẹ́nu ìforúkọsílẹ̀ wo tíkẹ́ẹ̀tì Louvre tí mo fi hàn án lórí fóònù, ó ní, “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Louvre kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.” Kó tó gbé ojú kúrò, ó bi mí pé ọmọ ọdún mélòó lọmọ mi. Ó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í sanwó níbẹ̀ rárá. Mo dúró síbẹ̀ bí igi. Gúgù ni gbogbo èyí wà, ó wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á! Lórí ibùsùn, ọmọ mi fi fóònù rẹ̀ wá fọ́tò yàrá yẹn. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìlú mìíràn ni yàrá náà wà, òpópónà lásán ló wà lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀. Ṣe ni wọ́n lẹ Eiffel mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ Ajé mo mú Màmá lọ sí Notre-Dame. Mo ṣì na tíkẹ́ẹ̀tì tí olè náà tà fún mi sí ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, torí mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́. Ó wò ó, ó dá a padà fún mi jẹ́jẹ́, ó ní ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Yúrò 75! Ọ̀fẹ́! Afi bí ẹ bá fẹ́ gun ilé ìṣọ́ rẹ̀ tàbí kí ẹ wo ilé ìṣúra ni ẹ ó sanwó. Màmá wọlé, wọ́n kúnlẹ̀, inú wọn dùn. Èmi ń wo òkúta funfun tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ yẹn, mi ò rí nǹkan kan, iye owó ni mo ń kà lọ́kàn.

Báǹkì ní owó ti lọ. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kí báǹkì dá owó padà fún ẹni tí wọ́n bá lù ní jìbìtì, owó tó bá lọ láti àkáǹtì UK sí àkáǹtì UK nìkan ló wà fún. Tèmi ti sọdá òkun. Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Paris, wọ́n kọ ẹ̀sùn mi sílẹ̀, wọ́n fún mi níwèé. Ìwé náà ló wà nínú báàgì mi.

Èyí tí ẹ lè ṣe nìyí, mi ò lágbára púpọ̀ mọ́. Láti oṣù kejìlá ọdún 2017, ilé tí wọ́n ń háyà fún ọjọ́ díẹ̀ ní Paris gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ nínú ìpolówó rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀. Ẹ má sanwó kúrò lórí ìkànnì. Kírédíìtì káàdì ni kí ẹ lò, ohun tó bá ti ju £100 lọ, ẹ lè di ilé iṣẹ́ káàdì mú. Tíkẹ́ẹ̀tì Eiffel àti Louvre, orí ìkànnì tiwọn gan-an. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Orsay àti ààfin Versailles kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tó bá ń pariwo taxi nínú Gare du Nord, ẹ kọjá lára rẹ̀, ìta ni taxi gidi ń tò sí, iná orí wọn á jẹ́ àwọ̀ ewé bí wọn ò bá gbé èrò. Àwọn tó ń so òwú mọ́ni lọ́wọ́ nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Sacré-Cœur, tí wọ́n á wá ní kí ẹ sanwó rẹ̀ náà ńkọ́, ẹ fi ọwọ́ sápò.

Èmi ò tún ní fọkàn tán ẹnikẹ́ni tó bá ń ta nǹkan lórí fóònù mọ́. Ì báà sọ Yorùbá, ì báà pe ìyá mi ní màmá òun. Àwọn kan ti sọ fún mi pé èmi ni mo ń wá ẹ̀dínwó. Rárá! Owó hótẹ́ẹ̀lì tí mo fagi lé kéré sí owó ilé yẹn. Kì í ṣe ẹ̀dínwó ni mo ń wá, fèrèsé kan ni mo ń wá fún ìyá mi.

Fọ́tò ilé náà tún jáde lánàá nínú ẹgbẹ́ mìíràn, àbúrò mi ní Manchester ló fi hàn mí. Ó ti sọ ọ́ di yúrò 180 fún alẹ́ kan. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ti yí padà, fọ́tò rẹ̀ ò yí padà: àga aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, abọ́ ọsàn lórí tábìlì, aṣọ fèrèsé apá òsì sì ní àbàwọ́n kékeré kan nísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, èmi ni n ó fi kún ẹ̀sùn tó wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.