Àpò pàjáwìrì tí wọ́n ń tà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ l'Àkúrẹ́: èyí tó tó rà àti èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀

Àpò pupa oníṣíìpù yẹn, tí wọ́n ya àgbélébùú funfun sí lára, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ náwó lé tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nípa ìmúrasílẹ̀ fún àjálù ládùúgbò. Láti ṣọ́ọ̀bù kan sí èkejì, inú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀rọ ìpaná oníkílò kan, àpótí ìtọ́jú kékeré, tọ́ọ̀ṣì, fèrè, ẹ̀wù tó ń dán lóru, nígbà míì okùn. Ká má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ìdajì ẹrù náà wúlò, ìdajì tó kù, ojú ayé ni. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà inú ilé kan sì fi ra àpò mẹ́fà, bí wọ́n bá dá a jọ, yóò ra ohun tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún gbogbo ilé.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, ṣùgbọ́n arọ gbọ́dọ̀ mọ irú ogun tó ń bọ̀. L'Àkúrẹ́, ìjì ló sábà máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, tí í ṣí páànù lórí ilé. Tí òjò bá wá jókòó, Odò Àlà àtàwọn gọ́tà tí ìdọ̀tí dí ló ń kún kọjá. Ọyẹ́ dé, iná ni: igbó ń jó, koríko gbígbẹ ẹ̀yìn ilé ń gba iná bíi bẹntiróò. Ibà Lassa náà kì í jìnnà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀wọ̀, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti ń tọ́jú rẹ̀, kò jìnnà sí wa. Ìbúgbàù tó ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2020 ní Ẹléyọwó, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀, wó ilé, ó sì gbẹ́ kòtò ràgàjì sójú títì láìfi àmì kankan ránṣẹ́. Àpò pupa yìí kò mọ ìyàtọ̀ nínú gbogbo èyí. Ará Ayétòrò ní Ìlàjẹ, tí òkun ń gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wù tó ń léfòó lórí omi ló nílò kó tó rántí ẹ̀rọ ìpaná, àpò kan náà ni wọn yóò sì tà fún un.

Ẹ̀rọ ìpaná yẹn ló gbé owó àpò náà ga jù, nítorí náà ibẹ̀ ló yẹ ká ti wò ó dáadáa. Ti inú mọ́tò ni oníkílò kan. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 8 sí 10, páúdà inú rẹ̀ ti tán. Ó tó fún iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kọ́tíìnì, kò tó fún mátírẹ́ẹ̀sì tó ti ń jó. Oníkílò mẹ́fà máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20. Ọ̀kan irú rẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri lẹ́nu ọ̀nà àbájáde ilé oníyàrá mẹ́jọ wúlò ju kékeré mẹ́jọ tí wọ́n há sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Ẹnu ọ̀nà là ń wí, kì í ṣe òkè sítóòfù. Ta ni yóò na ọwọ́ sínú iná láti mú ohun tí yóò fi pa iná?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ABC ni kẹ́ ẹ bèèrè, ìyẹn èyí tí páúdà rẹ̀ ń pa iná igi àti aṣọ, iná epo àti ti gáàsì. Èyí tí wọ́n kọ BC nìkan sí kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé fún igi, aṣọ àti ìwé, ohun tó sì kún yàrá akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ géèjì gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọ̀ ewé. Píìnì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ike tín-ín-rín tí wọ́n fi dè é, tí kò tíì já. Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè: ibẹ̀ ni ìpẹtà máa ń fara pamọ́ sí, ọ̀dà pupa tuntun sì máa ń bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n máa ń kọ àròpọ̀ ìwúwo rẹ̀ sára. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Géèjì lè wà lórí àwọ̀ ewé kí páúdà inú rẹ̀ má pé, torí afẹ́fẹ́ ni géèjì ń wọ̀n, kò mọ páúdà.

Bí iná bá ṣẹ́ yọ, kí ọ̀nà àbájáde wà lẹ́yìn yín. Ẹ fa píìnì yọ, ẹ dúró ní nǹkan bíi mítà méjì sí mẹ́ta, ẹ doju ẹnu rẹ̀ kọ ìdí iná, ẹ tẹ ọwọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbá a sọ́tùn-ún sósì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn máa fín ahọ́n iná lókè nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì ń jó. Èkejì ni sísún mọ́ epo gbígbóná jù: agbára tí páúdà fi ń jáde yóò ta epo náà káàkiri. Fún ìkòkò epo tó gbiná, ẹ pa sítóòfù tí ọwọ́ bá tó o, ẹ fi ọmọrí dé ìkòkò, ẹ má ṣí i títí yóò fi tutù. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn án rárá. Tí iná bá ti kan sílíìnì, ẹ jáde, ẹ fa ilẹ̀kùn dé.

Gáàsì yàtọ̀. Bí ẹnu sílíńdà bá ń jó, títì í pa ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọwọ́ bá lè dé ibẹ̀ láìléwu. Ẹni tó fi páúdà pa iná náà nígbà tí gáàsì ṣì ń jáde ti sọ iná tó fojú rí di ìbúgbàù tí kò rí. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí, tí yóò sì máa wá iná kiri. Fún àwọn tó ń lo sílíńdà oníkílò mẹ́ta tí wọ́n gbé ojú iná lé lórí, ọṣẹ àti omi ni dókítà rẹ̀: ẹ po ó kó hó, ẹ fi kànrìnkàn kùn ún yí ẹnu rẹ̀ ká. Ibi tó bá ti ń yọ ìfófòó, ibẹ̀ ló ń jò.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìpaná kì í sọ. Ẹni tó bá tẹ ẹ̀rọ náà díẹ̀ láti fi dán an wò ti bà á jẹ́. Páúdà yóò há sí ẹnu rẹ̀, kò ní lè pa dé dáadáa mọ́, afẹ́fẹ́ yóò sì máa yọ́ jáde títí géèjì yóò fi wálẹ̀. Kíkún ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni páúdà máa ń dì bó bá dúró sójú kan pẹ́. Lóṣooṣù, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ mì í. Lọ́dọọdún ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, kó tú u wò.

Àpótí ìtọ́jú inú àpò náà ló bí wa nínú jù. Òwú, sípírítì, àyodíìnì, pílásítà wẹ́wẹ́, báńdéèjì tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti sísọ́ọ̀sì tí kò lè gé bébà. Òwú máa ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò àti ibi tí iná jó, yíyọ rẹ̀ sì ń dá egbò míì sílẹ̀. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò sí: ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó kéré tán mẹ́rin, gọ́ọ̀sì tó mọ́ tónítóní, ẹ̀là mẹ́wàá, báńdéèjì fẹ̀ǹfẹ̀ méjì, aṣọ onígun mẹ́ta fún ọwọ́ tó ṣẹ́, ọ̀rá ORS mẹ́rin (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru). Ẹ lọ sí ilé ìtajà oògùn, ẹ rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kó wọn sínú ike olómorí. Yóò dára ju ti àpò pupa lọ fíìfíì.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú, gọ́ọ̀sì lẹ́ ẹ ó fi tẹ ojú egbò mọ́lẹ̀ gírígírí láìyọ́jú wò ó. Bí iná bá jó èèyàn, omi tútù tó ń ṣàn ni, fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kí ibẹ̀ tó wú. Bí kò bá sí ORS, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí wọ́n gé lórí àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ nínú lítà omi mímọ́ kan. Iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu fún ọmọdé, torí náà ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.

Tọ́ọ̀ṣì: èyí tó ń lo bátìrì ni kẹ́ ẹ rà, kí bátìrì sì wà lóde rẹ̀ títí ọjọ́ ìlò. Fèrè dára, ẹ̀ẹ̀mẹta ni fífun tó ń pe ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀wù tó ń dán, ẹ fi sílẹ̀. Rédíò kékeré ló yẹ kó wà níbẹ̀ dípò rẹ̀, kẹ́ ẹ lè gbọ́ Àdàbà lórí 88.9 tàbí Positive lórí 102.5 nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ.

Omi àti oúnjẹ kò sí nínú àpò kankan tí wọ́n ń tà, ó sì yẹ kó wà níwájú. Lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta, lítà 12 nìyẹn. Báàgì píọ́ wọ́tà kan, ogún ọ̀rá oní 50cl, lítà mẹ́wàá ni. Ẹ fi ọ̀rá mẹ́rin kún un. Ẹ má jẹ́ kó wà nínú oòrùn, ẹ máa mu èyí tó pẹ́, kẹ́ ẹ fi tuntun rọ́pò. Ní ti gàrí, àwọn kan máa ń gbé e sínú ọ̀rá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní fún pàjáwìrì. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé ibà Lassa. Gàrí inú ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ìmúrasílẹ̀, ìpè ni fún eku. Ike líle tí ọmọrí rẹ̀ dé pinpin nìkan ló ṣe é kó o sí.

Ẹ da ìwé pọ̀ mọ́ ọn: ẹ̀dà èsì WAEC, ìwé ìgbaniwọlé àti káàdì ilé ìwòsàn nínú ọ̀rá méjì tí omi kò lè wọ̀. Oògùn ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ náà ńkọ́?

Bébà kan ṣoṣo ló wá kù, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ ya àdúgbò sórí rẹ̀: ilé tí àgbàlagbà tàbí ẹni tí kò lè dá rìn wà, kànga, ibi tí gọ́tà ti máa ń kún kọjá, ilẹ̀ gíga tí gbogbo ilé yóò ti pàdé, ilé tí ẹ̀rọ ìpaná ńlá wà. Ẹ sàmì sí ibi tí omi ti kún dé rí. Omi tó ń ṣàn tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ẹ kọ 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, sí i, ọ̀fẹ́ ni pípè é. Níwọ̀n bí nọ́ńbà ilé kò ti fi bẹ́ẹ̀ ran ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́ níbí, ẹ kọ gbólóhùn tẹ́ ẹ ó sọ kalẹ̀: orúkọ òpópó, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí tó sún mọ́ jù, lẹ́yìn náà ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Máàkì: àpò pupa lódindi, 2 nínú 5. Ẹ̀rọ oníkílò mẹ́fà tí gbogbo ilé dáwó rà, 5. Ìgbà tó dára jù láti rà á ni oṣù kẹwàá, kí ọyẹ́ tó dé. Bí ẹni tó ń tà á bá sì kọ̀ láti jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.