Hard disk, SSD, flash àbí Google Drive: èwo ni ká kó iṣẹ́ wa pamọ́ sí?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò àti fídíò òde ni mo ń bá wí jù, torí iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì àti akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì náà lè bá wa jókòó. Nǹkan mẹ́rin ló wà lórí àtẹ: hard disk tí àwo ń yí nínú rẹ̀, SSD tí kò ní ohun tó ń yí nínú, flash kékeré tí à ń tì bọ kọ̀ǹpútà, àti Google Drive tó jẹ́ ibi ìpamọ́ Google lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n ṣe yá sí àti irú wáyà tí wọ́n ń lò, ẹ lè ka ìyẹn lára páálí.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí flash bẹ̀rẹ̀, òun ló jẹ owó mi. Mo ra ọ̀kan ní Computer Village, Ìkẹjà, tí wọ́n kọ 512GB sí lára. Mo tì í bọ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà ka 512GB. Mo da fídíò ìgbéyàwó sí i, ó gbà á láìjanpata. Ìgbà tí ìyàwó béèrè iṣẹ́ rẹ̀ ni mo rí i pé orúkọ fáìlì pé, ìwọ̀n wọn pé, ṣùgbọ́n díẹ̀ péré ló ṣeé ṣí. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnìkejì mi tí kò tíì pa ohun tó wà nínú káàdì kámẹ́rà tiẹ̀ rẹ́. Ọlọ́jà ní àwọn kì í gba ọjà tí àwọn bá ti tà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ṣípù kan wà nínú flash tó máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí àyè inú rẹ̀ ṣe tó. Àwọn oníjìbìtì á tún un kọ kó lè máa purọ́: àyè gidi lè má ju 32GB lọ, kó sì sọ pé 512GB. Tí 32GB yẹn bá ti kún, ohun tí ẹ tún ń dà sí i á máa pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, tàbí kó má dé ibì kankan rárá, kọ̀ǹpútà á sì sọ fún yín pé ó ti parí. Àwọn "SSD 16TB" (TB kan jẹ́ 1,000GB) olówó pọ́ọ́kú náà ńkọ́? Ẹ tú u, ẹ ó bá memory card kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. (Tí hard disk 1TB bá fi 931GB hàn lórí Windows, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni àwọn tó ṣe é fi ka tiwọn, 1,024 ni Windows fi ń ka tiẹ̀.)

Ètò kọ̀ǹpútà méjì ló ń tú àṣírí irú flash bẹ́ẹ̀: H2testw lórí Windows, F3 lórí Linux àti Mac, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Wọ́n á da fáìlì tiwọn sínú rẹ̀ títí á fi kún, wọ́n á wá kà á padà. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí náà ẹ wá ọjọ́ tí iná bá dúró. Kí ẹ tó sanwó, ẹ sọ fún ọlọ́jà pé, "Bọ̀ọ̀dá, mo máa dán an wò o, bí kò bá pé mò ń dá a padà." Bí ó bá fajú ro, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

SSD gidi yá, kò sì náání kó já bọ́. Ó wọ́n ju hard disk lọ, bí ẹ bá sì tì í mọ́ dúrọ́ọ̀ fún ọdún púpọ̀ láìfi iná kàn án, ohun inú rẹ̀ lè bàjẹ́. Ẹ fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.

Google Drive fún wa ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail àti Photos sì ń jẹ nínú rẹ̀. Fún ìwé-ẹ̀rí, risíìtì àti pírójẹ́ẹ̀tì, kò lẹ́gbẹ́: olè ò lè gbé e pẹ̀lú báàgì yín. Àmọ́ fídíò òde kan ṣoṣo lè ju 100GB lọ. Dátà ta ni a fẹ́ fi gbé ìyẹn lọ? Ní oṣù kẹta 2024 tí àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá já lápá Abidjan, ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí Drive kàn ń wò ni. Ohun tí ẹ bá sì pa rẹ́ níbẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ní nínú trash.

Ó wá ku hard disk. Ó lọ́ra, ó wúwo, tó bá já bọ́ nígbà tó ń yí, ó ṣeé ṣe kó ti parí nìyẹn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n òun ló ń gba fídíò òde rẹpẹtẹ láìbéèrè dátà lọ́wọ́ wa, òun náà sì ni owó àyè rẹ̀ rọjú jù. Kálukú ló ní ìwúlò tirẹ̀ o. Bó bá jẹ́ owó tèmi, hard disk 1TB méjì ni màá rà dípò 2TB kan. Ọ̀kan á wà nílé, èkejì á wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní àdúgbò mìíràn. Tí mo bá ti da iṣẹ́ sí i tán, mo máa ń yọ ọ́, torí kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa tí ó sì ń béèrè owó máa ń bá èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lára ẹ̀rọ jà pẹ̀lú. Ìwé àdéhùn oníbàárà nìkan ni mo ń gbé lọ sórí Drive. Flash mi wà fún gbígbé nǹkan lọ síbi ìtẹ̀wé.