Àgbéyẹ̀wò: Ìyẹ̀fun bakitéríà tí mo rà fún ìfun òròmọdìyẹ mi

Nínú 300 òròmọdìyẹ ẹlẹ́ran tí mo kó wọ oko mi lẹ́yìn Mọ́níyà, 41 ni mo gbẹ́ kòtò sin láàárín ọjọ́ márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun tí wọ́n tà fún mi pé yóò dáàbò bo ìfun wọn wà nínú omi tí wọ́n ń mu láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. N kò ní í dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ wa kò tíì parí. Ẹni tí ó bá ń sin adìyẹ yóò mọ irú ọjà tí mo ń wí: ọ̀rá ìyẹ̀fun funfun oní-100 gíráàmù, tí bakitéríà alààyè tí ń jẹ́ Lactobacillus acidophilus wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni mo kọ́kọ́ rí i pé ìgbẹ́ ti gbẹ mọ́ àwọn kan nídìí, ó dí ihò wọn pa bí ẹni fi àtè lẹ̀ ẹ́. Mo fi òwú àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tí mo nù gan-an ni ó ti kú sílẹ̀. Mo pe nọ́ńbà tí ó wà lára ọ̀rá náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi kún un. Ẹ máa fi ṣíbí méjì sí i dípò ẹyọ kan." Mo fi kún un, wọn kò yé kú. Mo tún pè, ó ní bóyá níbi tí mo ti ra òròmọdìyẹ ni àìsàn ti bá wọn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bi mí bóyá mo máa ń fọ ọwọ́ mi kí n tó bu oúnjẹ fún wọn. Èmi tí mo ti ń sin adìyẹ láti ọdún mẹ́rìnlá! "Mọ́mì" ni ó sì ń pè mí lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, tí n kò fi lè bú u bí ó ti tọ́ sí i. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò gbé fóònù mọ́.

Mo ya àwòrán òkú òròmọdìyẹ mẹ́tàdínlógún tí mo tò sórí àpò oúnjẹ, mo fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi fúnra mi ni yóò kó ìyókù wá bá wọn. Ní ọjọ́ kejì ni dókítà ẹran-ọ̀sìn wọn dé lórí ọ̀kadà, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ mi àbígbẹ̀yìn lọ. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti ki bàtà rẹ̀ bọ inú omi apakòkòrò ní ẹnu ọ̀nà, ó sì kúnlẹ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ẹ kú ìrójú." Inú mi kọ́kọ́ rọ̀ níbẹ̀, ká má purọ́.

Ó la òkú kan, ó sì fi àpò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìfun rẹ̀ hàn mí. Ó ní inú àpò méjì wọ̀nyẹn ni bakitéríà pọ̀ sí jù lọ nínú ara adìyẹ. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí léèrè irú omi tí mo ń lò, oògùn mìíràn tí mo fún wọn, àti ibi tí ìyẹ̀fun náà gbà dé ọwọ́ mi. Mo ní omi kànga ni, tí mo ń fi kílórínì sí. Mo ní mo fún wọn ní oògùn apakòkòrò, irú èyí tí ń pa bakitéríà, fún ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Mo ní ọkọ̀ èrò ni wọ́n fi gbé e wá láti Èkó, ó sì sun gáréèjì mọ́jú kí n tó lọ gbà á. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí n bá òun wá mílíìkì.

Ó se mílíìkì, ó jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó bù ú sínú ife mẹ́ta. Ó po ìyẹ̀fun tuntun tí ó gbé wá nínú kúlà mọ́ omi tí a sè tí ó ti tutù, ó po òmíràn mọ́ omi kílórínì mi, ó wá po ìyẹ̀fun tèmi mọ́ omi sísè. Ó fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí kan kí ó tó kán díẹ̀díẹ̀ nínú wọn sínú ife, ó wé wọn ní aṣọ, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò èédú tí ń mú ilé òròmọdìyẹ móoru, ó sì ní kí n má fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ife àkọ́kọ́ ti dì bíi wàrà, ó kan. Ife kejì ń ṣàn bí a ti bù ú. Ife tèmi náà ń ṣàn.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ yé mi: bakitéríà tí ó wà láàyè ni í mú kí mílíìkì kan kí ó sì dì, ti inú ife méjì yòókù ti kú. Adìyẹ ìbílẹ̀ a máa da àwọn ọmọ rẹ̀, wọn a máa ṣa nǹkan jẹ ní ibi tí ìyá wọn yàgbẹ́ sí, bakitéríà ìyá a sì di tiwọn. Tèmi kò mọ ìyá. Inú ẹ̀rọ ni ẹyin wọn ti pa. Àwọn onímọ̀ méjì ní Finland, Nurmi àti Rantala, ti fi èyí hàn ní 1973: wọ́n fún òròmọdìyẹ ní ohun tí ó wà nínú ìfun àgbà adìyẹ, Salmonella, bakitéríà tí ń fa àìsàn, kò sì rí àyè fìdí kalẹ̀ nínú wọn. Láti ìgbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de fífi oògùn apakòkòrò mú ẹran sanra ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2006, irú ìyẹ̀fun báyìí ti pọ̀ lọ́jà. Ohun alààyè ni. Mo rà á, ooru ọkọ̀ àti gáréèjì ti pa á, èyí tí ì bá sì ṣẹ́ kù, kílórínì àti oògùn mi ì bá pa á. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé bí a bá fẹ́ fún wọn ní àjẹsára àrùn Gumboro nínú omi, mo mọ̀ pé a kì í lo omi kílórínì. N kò ronú pé ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi kò pa tiwọn rẹ́. Dókítà fi èékánná ha sítíkà tí wọ́n tẹ nọ́ńbà fóònù wọn sí lára ọ̀rá, ó sì bá a níbẹ̀, ní lẹ́tà tín-ín-rín: kí ooru má ju 25°C lọ, kí a má lò ó pẹ̀lú kílórínì tàbí oògùn apakòkòrò. Nọ́ńbà ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ní kí n fi ṣíbí méjì sí i ni wọ́n fi bo ìkìlọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ojú ti ọmọbìnrin náà ju bí ojú ṣe ti ẹni tí ó lẹ̀ ẹ́ lọ.

Mo tún kó 300 mìíràn wọlé. Mo ń pọn omi sílẹ̀ láì fi kílórínì sí i, mo ń sè é, n kò fún wọn ní oògùn kankan, ìyẹ̀fun náà sì wà nínú fíríìjì mi. 9 ni ó kú kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí mo tẹ́ sílẹ̀ gbẹ, òórùn tí ó máa ń ta mí lójú bí mo bá ṣílẹ̀kùn kò sí. Mo tún ìkòkò èédú wọn tò pẹ̀lú, nítorí náà n kò lè sọ pé ìyẹ̀fun nìkan ni ó ṣe é. Omidùn ni ìyá mi máa ń dà fún adìyẹ tirẹ̀, ìdílé bakitéríà yìí kan náà sì wà nínú omidùn, kò ná an ní kọ́bọ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́, kò sì jiyàn.

Ọ̀rá kan péré ni wọ́n fi rọ́pò méjì tí mo rà. Wọn kò sọ ohunkóhun nípa 41 òròmọdìyẹ. Nígbà tí mo ní kí wọ́n máa fi yìnyín ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n gba ₦1,500 owó yìnyín lọ́wọ́ mi, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ni ó kọ ìwé owó: "Ẹ ṣé, Mọ́mì."

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Mo ti sanwó ọ̀rá mẹ́fà fún ọ̀wọ́ tí ń bọ̀, àti owó yìnyín.