Ẹ ṣọ́ra o! Rolex tòkunbọ̀ tí wọ́n tà fún mi ní Dùgbẹ̀, féèkì ni

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó náwó yín. ₦3,800,000 ni mo san fún bọ̀bọ́ kan ní Dùgbẹ̀ lórí Rolex Datejust tòkunbọ̀, aláwọ̀ méjì, stainless àti rose gold. ₦3,800,000! Owó tí mo fi ọdún méjì kó jọ. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó, bàbá wa ti kú, èmi ni màá dúró bíi bàbá, mo ní kí n wọ aago ìmúròde gidi kan lẹ́ẹ̀kan láyé mi. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Bọ̀bọ́ yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin gan-an ni mo tọ́jú ẹ̀ dè." Ó ní ẹni tó ni ín fẹ́ japa lọ Kánádà, owó ló ń wá kíákíá, ìdí tó fi ń tà á lówó pọ́ọ́kú nìyẹn. Ó mú páálí jáde, ó mú káàdì wárántì jáde. Ọwọ́ sẹ́kọ́ńdì ẹ̀ ń fò ta, ta, ta, mo sì bi í o, ẹ má rò pé mi ò bi í! Ó ní torí ó ti pẹ́ nínú páálí ni, tí mo bá wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere. Mo sì gbà. Kí ló ṣe mí tí mo gbà?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ ìdána, oòrùn mú, mo làágùn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní "kí ló ṣe ọrùn ọwọ́ ẹ?" Mo wò ó, ó ti di àwọ̀ ewé! Ó ti ràn mọ́ etí agbádá funfun mi. Ojú ẹ̀wọ̀n àárín, ibi tó yẹ kó jẹ́ góòlù, ń bó bí ọ̀dà ògiri, idẹ ló wà lábẹ́ ẹ̀. Níwájú àwọn àna wa! Inú àpò ni mo ki ọwọ́ bọ̀ títí wọ́n fi ṣe tán.

Alágbẹ̀dẹ wúrà kán ásíìdì sí i, kò sí góòlù kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kárátì 18 ló yẹ kí góòlù Rolex jẹ́, ìyẹn góòlù ìdá 75 nínú 100. Ẹni tó ń tún aago ṣe ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, bátìrì ló bá. Bátìrì! Irú Datejust yìí tó bá jẹ́ gidi kì í lo bátìrì. Àtọdún 2005 ni Rolex ti ń po rose gold tiwọn tí wọ́n ń pè ní Everose, wọ́n ń fi platinum sí i kó má baà ṣá, tèmi ò lo oṣù kan.

Mo padà síbẹ̀, ìyá tó ń ta ìpara ní òun kàn yá a ní iwájú ṣọ́ọ̀bù ni. Irọ́ ni, ó mọ̀ ọ́n! Nọ́ńbà bọ̀bọ́ yẹn ò lọ mọ́. Gbogbo ẹni tó ń ta aago tòkunbọ̀ n'Ìbàdàn yìí, mi ò gba ìkankan gbọ́ mọ́. Ẹ má sì wá sọ fún mi pé owó yẹn ti kéré jù, mo mọ̀, mo mọ̀ pé tuntun ẹ̀ jùyẹn lọ fíìfíì.

Ẹ wo ọwọ́ sẹ́kọ́ńdì, ti gidi ń rìn geere ni, ìgbà 8 ló ń sún láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Gíláàsì orí déètì gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà yẹn di ńlá ní ìlọ́po 2.5. Ẹ mú ẹni tó ń tún aago ṣe dání, kó ṣí i lójú yín kẹ́ ẹ tó ṣe tiransifáà, tí wọ́n bá kọ̀, ẹ máa lọ. Páálí àti káàdì ò já mọ́ nǹkan kan, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ni.

Mo ti gbé fọ́tò ẹ̀ síbí. Ẹ fẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ wo ojú ẹ̀wọ̀n àárín yẹn.